Ìlà Tí Aránṣọ Fò

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Àkọ́bí mi,

Ìyá yín kú ní ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá, ní ọ̀sán gangan, lórí ẹní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èsì tó o fi ránṣẹ́ kò ju ẹkún lọ, mi ò sì mọ̀ bóyá o gbọ́ ohun tí mo wí. Ìdí nìyẹn tí mo fi tún un sọ. Ó kú, a sin ín, ilẹ̀ ti gbẹ lórí rẹ̀.

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ òtẹ́ẹ̀lì yẹn lo ṣì ti ń ṣiṣẹ́? Èmi wà bí mo ṣe wà. Orúnkún ń dùn mí. Àwo ẹnì kan ṣoṣo ni mo ń fọ̀ báyìí, síbẹ̀ ó ń ṣe mí bíi pé kò mọ́.

Aránṣọ ló ń bá mi kọ èyí, bó ti máa ń ṣe. Téèpù rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọn ọ̀rọ̀ ẹnu mi kó tó gé e. Ó ní kí n bá òun kí ọ. Mo ti bá a kí ọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ ti wà ní ìsọ̀ Aránṣọ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Aránṣọ ń bẹ̀ mí pé kí n fi sílẹ̀ fún òun, kí òun máa fi ránṣọ, kó má baà dípẹtà. Mi ò tíì dá a lóhùn. O kúkú mọ̀ pé kí n tó fẹ́ ìyá rẹ, Aránṣọ ti kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn á rò ó. Èmi kò jẹ́ kí wọ́n rò ó tán. Láti ìgbà náà la ti jọ ń ṣọ̀rẹ́, bí ajá méjì ṣe ń ṣọ̀rẹ́ nídìí egungun kan. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ ọ́. Jẹ́ kó rẹ́rìn-ín.

O ti dákẹ́ jù. Ṣé ọwọ́ ni kò sí ni, àbí bírò? Fi fọ́tò ránṣẹ́, kí n rí i bóyá ò ń jẹun.

Èmi, bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìrójú, ẹ kú àìrí wa. Kí orúnkún yín fúyẹ́. Ẹ bá mi kí Aránṣọ, kí ẹ sì sọ fún un pé mo ṣì ń wọ síkẹ́ẹ̀tì tó rán fún mi.

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Àìsàn ló dá mi dùbúlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ibà, ọ̀nà ọ̀fun mi sì ń dùn mí débi pé itọ́ ara mi di nǹkan tí mò ń sá fún. Mo rò pé ibà ẹ̀fọn ni. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kò sí níbẹ̀. Obìnrin kan níbi iṣẹ́ wa, tí a ń pè ní Ọ̀gá Bùlúù nítorí aró aṣọ tí kì í kúrò ní èékánná rẹ̀, fún mi ní kápúsù tó ṣẹ́ kù nínú tirẹ̀, pé òun fi wo ọ̀fun òun sàn. Mo gbé e mì. Kò pẹ́, ara mi sú pupa láti àyà dé itan. Àárẹ̀ tó wà ńbẹ̀ wá ga ju ibà lọ. Òkè pátápátá ni yàrá mi wà. Tí mo bá gun àtẹ̀gùn dé ìdajì, mo máa jókòó sílẹ̀ bí ìyá arúgbó, àwọn ará ilé á máa fò mí kọjá.

Dókítà ní ibà kókó ọrùn ni. Kòkòrò kan ló ń fà á, inú itọ́ ló sì ń gbé. Àwọn ará ibí tún ń pè é ní àìsàn ìfẹnukonu. Ẹ má fòyà o, mi ò fẹnu ko ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ife kan náà ni gbogbo wa fi ń mu tíì níbi iṣẹ́.

Nígbà tí dókítà ń fọwọ́ kan ọrùn mi, Ìyá ni mo rántí. Ṣé ẹ rántí ibà tó ṣe wọ́n lọ́dún tí ẹ wà níbi tí ẹ ti ń fọ́ òkúta, tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Aránṣọ? Wọ́n ní ọrùn àwọn wú lápá ọ̀tún àti òsì, àárẹ̀ ò sì jẹ́ kí àwọn ṣe nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Ó dá mi lójú pé àìsàn yìí kan náà ni.

Ní ti ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ Aránṣọ. Ẹ̀rọ tí kò ránṣọ mọ́, irin lásán ni.

Èmi, ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Àkọ́bí mi,

Aránṣọ kọ́ ló ń kọ èyí. Tíṣà tó gba yàrá iwájú ni. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Aránṣọ ló ka lẹ́tà rẹ sí mi létí, bó ti máa ń kà á. Ohùn rẹ̀ ń lọ geere bí ẹ̀rọ lórí aṣọ títẹ́jú. Bó ṣe dé ibi tí dókítà ti sọ orúkọ àìsàn náà, ohùn rẹ̀ kọsẹ̀, bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá pàdé bọ́tìnnì. Ó fi ìka nu ẹnu, ó wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ojú ènìyàn. Ojú rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwé náà, ohùn rẹ̀ kò bá a sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo mú ìwé náà lọ bá Tíṣà, mo ní kó kà á láìfo nǹkan kan, bó tilẹ̀ jẹ́ èébú.

Tíṣà kà á. Ìfẹnukonu. Ìyá rẹ. Ìsọ̀ Aránṣọ.

Nígbà tí ìyá rẹ ń ṣàìsàn yẹn, ibi òkúta ni mo wà. O kò tíì sí nínú ayé. Eruku ló wà ní ẹnu tèmi. Ẹnu ta ló wá kan ìyá rẹ lẹ́nu? Ìwọ lo mẹ́nu bà á, ìwọ ni kó o dá mi lóhùn.

Mi ò kàn jókòó o. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, mo bi í bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ni ọrùn náà ti wú. Ó ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni. Mo bi í bóyá funfun wà nínú ọ̀fun rẹ̀. Ó ní òun kì í yọjú wo ẹnu ẹlòmíràn. Mo kọjá sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó ní ọ̀fun dídùn pọ̀ ní irú. Ó ní èyí tó máa ń dé lójijì, tí kì í ní ikọ́, tí oògùn ń lé lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìyẹn yàtọ̀. Ó ní ibà ẹ̀fọn máa ń gbọn ènìyàn jìnnìjìnnì, ṣùgbọ́n kì í mú ọrùn wú. Ó ní ṣegede ní tirẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń wú, lábẹ́ etí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ sọ pé ṣegede ni. Ó ní, "Bàbá, mi ò lè fọwọ́ kan ọrùn ẹni tó ti kú."

Sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń yà á sọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ àìsàn míì ló ṣe ìyá rẹ, màá sùn. Tó bá jẹ́ èyí, mi ò ní sùn mọ́. Mi ò tíì kí Aránṣọ láti ọjọ́ náà.

Jẹun. Má ṣe gba kápúsù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Èmi, bàbá rẹ.


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹta. Káàdì.

Baba mi, ẹ ku ile. Ara mi ko ti i gbe iwe gigun. Ẹ ma fi ọrọ Iya da ara yin laamu. Owu lo fa aisan wọn, ki i ṣe ifẹnukonu. Awọn funra wọn lo sọ fun mi. Ẹ jọọ, ẹ ma ba Aranṣọ ja. Maa ṣalaye ti ara ba le.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin

Àkọ́bí mi,

Tíṣà ka káàdì rẹ, ó sì gbójú sókè wò mí. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

Owú. Owú ló fa àìsàn ìyá rẹ. Ta tún ni òjòwú nínú ilé yìí bí kò ṣe èmi? Ó wá jẹ́ pé ìyá rẹ jókòó tì ọ́, ó sọ fún ọ pé mo jowú títí ọrùn òun fi wú. Ọkùnrin tó ń fọ́ òkúta kí ìyàwó rẹ̀ lè rí owó kọ́ṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló wá fi owú fún un lọ́rùn. O ṣeun. O kò kúkú parọ́ rí láti kékeré.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí owú ṣe lẹ́yìn tí Tíṣà kà á tán. Mo lọ sí ìsọ̀ Aránṣọ. Oníbàárà méjì jókòó síbẹ̀. Mi ò kí ẹnì kankan. Mo ní kí alágbàrù tí mo mú wá gbé ẹ̀rọ ìyá rẹ. Aránṣọ ń fi í rán nǹkan lọ́wọ́ ni, láìgbàṣẹ. Ó ní, "Afọ́kúta, ó kéré tán, jẹ́ kí n yọ ohun tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́." Mi ò jẹ́ kó yọ ọ́. Ẹ̀rọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi báyìí, ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹsẹ̀ kejì wà lọ́dọ̀ Aránṣọ. Kí àwọn méjèèjì máa wá ara wọn.

Má kọ̀wé sí mi tí o bá tún fẹ́ fi ẹnu òkú bá mi sọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún

Àkọ́bí mi,

Mo ní kó o má kọ̀wé, o sì gbọ́. Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn?

Ṣé ara ti le? Ṣé ọrùn ti sọ̀? Ẹni tó ni ṣòkòtò ti wá kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ fún un pé kó máa wọ ẹsẹ̀ kan ná. Aránṣọ kọjá níwájú ilé, kò wọlé. Ó ń rìn bí ẹni tí kò mọ ilé yìí rí, bẹ́ẹ̀ òun ló bá mi kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Tíṣà ní kí n sọ pé mo ń ṣàníyàn. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Kọ̀wé.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ keje, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àníyàn. Ẹ má ní kí Tíṣà pa á rẹ́, mo mọ̀ pé ẹ ṣàníyàn.

Ilé ìwòsàn ni mo wà, mo sì ti jáde. Ẹ̀yà ara kan wà lábẹ́ egungun ìhà òsì tí àìsàn yìí máa ń mú wú. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má gbé ẹrù wúwo fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nítorí tí ẹ̀yà náà bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dà sínú ikùn. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà owú yín dé, inú bí mi, mo wọṣẹ́, mo sì gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ ibùsùn tútù tó yẹ kí ènìyàn méjì gbé. Ìhà mi òsì ta mí bí ọ̀bẹ, ìrora náà gòkè dé èjìká. Ọ̀gá Bùlúù ló gbé mi jókòó, tó ní kí n má tún mira, tó pe ọkọ̀. Kò bẹ́. Ó kù díẹ̀ ni. Wọ́n dá mi dúró kí wọ́n lè máa ṣọ́ mi. Báyìí mò ń jókòó ká aṣọ ìnura, mi ò gbé ohun tó ju ife lọ.

Bàbá, mi ò kọ owú. Òwú ni mo kọ. Òwú ìránṣọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lọ́jọ́ náà, mi ò fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo tún ka èsì yín ní ilé ìwòsàn, mo kọ́kọ́ sunkún, lẹ́yìn náà mo rẹ́rìn-ín débi tí ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì fi pe nọ́ọ̀sì fún mi.

Nígbà tí Ìyá ń kọ́ mi ní abẹ́rẹ́, mo fi ẹnu la òwú kí ó lè wọ ojú abẹ́rẹ́. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ní ìsọ̀ Aránṣọ, òwú kan náà ni gbogbo ọmọṣẹ́ ń fà. Ẹni tí abẹ́rẹ́ bá ṣòro fún á fi òwú náà sẹ́nu, á fi ètè tẹ orí rẹ̀, tí kò bá wọlé, á nà án sí ẹlòmíràn, ìyẹn náà á fi sẹ́nu. Aránṣọ fúnra rẹ̀ ń ṣe é. Wọ́n ní lọ́dún náà, ọ̀nà ọ̀fun dun ọmọṣẹ́ kan, ó dun èkejì, ó wá kan àwọn. Ìyá ló ní òwú ló fà á. Èmi rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ ní kí n sọ bí wọ́n ṣe ń yà á sọ́tọ̀. Mo bi dókítà nítorí yín, ó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi láti sọ ọ́. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jọ ti gbogbo ọ̀fun dídùn, ìyẹn ló ń tan ènìyàn. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn mi, kì í ṣe iwájú nìkan, kókó wà níbẹ̀ lápá méjèèjì, ó sì wà lábíyá. Ìpéǹpéjú mi wú bí ẹni tó sunkún. Ó fi òwú-ìnu nu ọ̀nà ọ̀fun mi láti wá kòkòrò ti ọ̀fun yẹn, èyí tí nọ́ọ̀sì sọ fún yín, kò rí i. Kápúsù Ọ̀gá Bùlúù náà sọ tirẹ̀: irú oògùn yẹn kì í pa kòkòrò yìí, ó sì sábà máa ń mú kí ara ẹni tó ní in sú. Ní ti àárẹ̀, ó ní ọ̀fun dídùn lásán kì í dá ọ̀dọ́ jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn tí ibà ti lọ. Síbẹ̀ náà, ẹ̀jẹ̀ ló fi gbá a mú. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ fi nǹkan kan hàn, torí pé ó yá jù. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló sọ òótọ́.

Nítorí náà, mo jẹ yín ní òótọ́ kan. Mo kọ ọ́ pé ó dá mi lójú. Kò yẹ kó dá mi lójú. Ẹnikẹ́ni kò yẹ ẹ̀jẹ̀ Ìyá wò. Ó jọ ọ́ gan-an, ibẹ̀ ni mo lè dé.

Ohun tó kù, mi ò mọ̀ bóyá yóò dùn mọ́ yín. Dókítà ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ní kòkòrò yìí láti kékeré láìmọ̀, ó sì máa ń yọ sínú itọ́ wọn nígbà míì, láìṣe pé àìsàn ń ṣe wọ́n. Ó ní ó lè sá pamọ́ sára ẹni tuntun fún bí oṣù kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọrùn tó wú. Ìyá sọ fún mi pé ẹ wá sílé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún náà, nígbà tí òjò kún kòtò òkúta. Àìsàn náà tẹ̀lé e, kò pẹ́ púpọ̀. Ó lè jẹ́ òwú. Ó lè jẹ́ ife omi. Bàbá, ó lè jẹ́ ẹ̀yin.

Ẹ lọ bá Aránṣọ.

Èmi, ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Àkọ́bí mi,

Aránṣọ ló ń kọ èyí. Gbogbo ohun tí mo bá sọ nípa rẹ̀ ni yóò kọ. Tí ó bá fo ìlà kan, Tíṣà yóò tún un kà níṣojú wa, ó sì mọ̀.

Mo dúpẹ́ pé nǹkan náà kò bẹ́ nínú rẹ. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin aláró yẹn, kó o sì sọ fún un pé kó máa gbé kápúsù rẹ̀ mì fúnra rẹ̀. Tí wọ́n bá ní kó o gbé apẹ̀rẹ̀, sọ fún wọn pé bàbá rẹ kọ̀. Ẹrù ni mo fi gbogbo ayé mi gbé, mo mọ ohun tí mo ń wí.

Lẹ́yìn tí Tíṣà ka lẹ́tà rẹ, mo ní kó kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sílẹ̀ fún mi, owú àti òwú. Mo wò wọ́n. Sí èmi, ẹyẹlé kan náà ni wọ́n, irun kan kàn bà lé ọ̀kan lórí. Nítorí irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé ẹ̀rọ gba àárín ọjà kọjá.

Mo lọ bá Aránṣọ. Òun nìkan ló wà ní ìsọ̀. Mo dá ẹsẹ̀ ṣòkòtò padà lé orí tábìlì rẹ̀. Mo bi í ní ìdí tó fi fo ìlà. Ó ní òun mọ̀ pé tí òun bá kà á, màá wo òun bí mo ṣe ń wò ó lọ́wọ́lọ́wọ́. Mo bi í lọ́rọ̀ òwú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe ń ṣe é, ọ̀gá tó kọ́ òun ló kọ́ òun bẹ́ẹ̀, ó sì ní ọrùn tòun náà wú lọ́dún yẹn, òun ló tilẹ̀ kọ́kọ́ wú.

Mo wá bi í ní èyí tí mo bá wá. Mo ní, "Ṣé o fẹnu ko ìyàwó mi lẹ́nu?"

Ó ní, "Rárá. Ó wù mí."

Ká ní rárá nìkan ló sọ, mi ò bá tí gbà á gbọ́ láéláé.

Mo jókòó. Mo ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo kó o ràn án, nígbà tí mo wá sílé nígbà òjò. Ọmọ mi ti kọ ọ́. Aránṣọ ní ó ṣòro, òwú òun ni, òun kúkú ló kọ́kọ́ ṣàìsàn. Mo ní dókítà sọ pé ẹni tí kò ṣàìsàn gan-an lè kó o ranni. Ó ní ṣé dókítà wà ní ìsọ̀ òun ni? A jiyàn lórí rẹ̀ títí ẹni tó ni ṣòkòtò fi dé, tó ní kí àwọn bàbá jọ̀wọ́ so ẹsẹ̀ òun pọ̀.

Má rẹ́rìn-ín. Owú ṣì ń jẹ mí. Tẹ́lẹ̀, mo ń jowú ọkùnrin. Báyìí mo ń jowú òwú tó kan ètè ìyá rẹ lójúmọ́ tí mo wà níbi òkúta. Mo sì fẹ́ kó jẹ́ èmi. Ibà burúkú tó mú un yẹn, tó mú ọrùn rẹ̀ wú, mo fẹ́ kó jẹ́ lẹ́nu mi ló ti gbà á. Aránṣọ dá bírò dúró níbí yìí. Mo ní kó kọ ọ́. Ó kọ ọ́.

Kí n tó kúrò, ó ń wá ojú abẹ́rẹ́ kò rí i, ojú rẹ̀ ti ń lọ. Mo gba òwú náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀. Mo fi sí ẹnu tèmi, mo tẹ orí rẹ̀, mo tì í bọ abẹ́rẹ́ fún un. Ó gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í so ẹsẹ̀ ṣòkòtò pọ̀.

Ó kù ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Tí mo bá fún un, ó máa dùn mí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò máa tẹ ibi tí ẹsẹ̀ ìyá rẹ tẹ̀. Tí mi ò bá fún un, irin lásán ni, bí o ṣe wí. Mi ò lè dá ẹjọ́ tí mo wà nínú rẹ̀, òun náà kò sì lè dá a. Ìwọ ni àkọ́bí. Ìwọ ló ṣe àìsàn náà, ìwọ ni ìyá rẹ gbá lọ́wọ́. Mo ti gbé e lé ọ lọ́wọ́. Tí o bá ní kó lọ, màá ní kí alágbàrù gbé e, èmi yóò sì máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Tí o bá ní kó dúró, màá máa nù ún. Má bi mí léèrè èyí tí mo fẹ́. Ohun tí o bá kọ ni a ó ṣe.

Ṣùgbọ́n kí o fi àmì sí i.

Bàbá rẹ.